Ẹran Tí A Fi Ṣe Ọ̀kẹ́rẹ́: Ìtàn Onírù-Ìpẹ́ Inú Igbó Wa

Nínú Ìwé Lefitiku, ní orí kọkànlá, níbi tí Mose gbé ka àwọn ẹyẹ tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kò gbọdọ̀ jẹ, ẹni tí ó bá kà á dé òpin yóò rí i pé àdán ni ó kẹ́yìn wọn. Àwọn ọmọ kíláàsì wa ní Dọ̀pẹ̀mú kì í jẹ́ kí a ré ibẹ̀ kọjá láìbéèrè. Wọn a ní, Àdán ha í ṣe ẹyẹ bí? Ṣé kì í bímọ, kí ó sì fún ọmọ lọ́mú? Ìdáhùn wa láti ọdún wọ̀nyí ni pé àwọn ará ìgbàanì a máa to ẹran gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó ń ṣe: èyí tí ń fò, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fò ni wọn yóò fi í sí, èyí tí ń wẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń wẹ̀. Àwọn baba wa pàápàá mọ ìṣòro àdán, nítorí wọ́n ní kò ṣe eku, kò sì ṣe ẹyẹ. Ìdáhùn yìí tẹ́ àwọn ọmọ lọ́rùn, ó sì tẹ́ àwa náà lọ́rùn, títí di ọjọ́ tí bàbá ọdẹ kan fi ìbéèrè mìíràn lé wa lọ́wọ́.

Bàbá náà, ọmọ ilẹ̀ Òǹdó ni. Nígbà tí agbára rẹ̀ kò gbé ìbọn mọ́ ni ọmọ rẹ̀ mú un wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Dọ̀pẹ̀mú. Igbó kò sí ní Dọ̀pẹ̀mú mọ́. Níbi tí kòkó àti obì gbé wà ní ìgbà tí a mọ gbogbo àgbègbè Agége mọ́ oko, ilé àti ṣọ́ọ̀bù ni ó gba ibẹ̀ nísinsìnyí, ọ̀nà ńlá tí ó lọ sí Abẹ́òkúta sì là á kọjá. Bàbá kò ní ohun tí yóò ṣe láàárín ilé ju kí ó wá jókòó ní ẹ̀yìn kíláàsì àwọn ọmọdé ní ọjọ́ Ìsinmi, kí ó máa gbọ́ ohun tí a ń kọ́ wọn.

Ní ọjọ́ kan a mú ìwé kan wá tí àwòrán àwọn ẹran ilẹ̀ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ lè rí bí iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá ti pọ̀ tó. Ẹran kan wà níbẹ̀ tí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ so ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀, ó na ara rẹ̀ jáde láàárín igi méjì bí ẹni tí ó wọ agbádá tí ó sì fò láti orí òrùlé. Lábẹ́ rẹ̀ wọ́n kọ ọ́ ní èdè òyìnbó pé ọ̀kẹ́rẹ́ tí ń fò ni, èyí tí ó ní ìpẹ́ nírù. A sọ fún àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pé, Ọ̀kẹ́rẹ́ tí ń fò nìyí. Ni Bàbá bá rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn.

“Tíṣà,” ni ó wí, “ẹ má bínú o. Ẹran yẹn kì í ṣe ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í jẹ̀ lóru. Èmi ti fi iná ọdẹ rí eléyìí lóru, mo ti yìn ín níbọn, mo sì ti fi ọwọ́ ra ìdí ìrù rẹ̀. Ìpẹ́ ni ó wà níbẹ̀ bíi ti ẹja. Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ni ó ní ìpẹ́?” Ó sì pe orúkọ tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ wọn ń pè é.

A dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n a dá a lóhùn bí ẹni tí ó mọ̀. A ní, Bàbá, àwọn tí wọ́n kọ ìwé yìí, ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, wọ́n ti wò ó fínnífínní. Bàbá dákẹ́. A ka ìdákẹ́ rẹ̀ sí pé ó gbà. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí wá ìdí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí tì wá.

Kí òǹkàwé tó lè mọ ibi tí àṣìṣe ti wá, ó yẹ kí ó mọ̀ pé ọ̀kẹ́rẹ́ tí ń fò wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan ṣoṣo ní ilẹ̀ Áfíríkà. Oríṣi bí 50 ni wọ́n, púpọ̀ nínú wọn wà ní ilẹ̀ Éṣíà, láti Íńdíà dé Ṣáínà àti àwọn erékùṣù tí ó wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀kan wà ní àríwá Yúróòpù àti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ìwọ̀nba díẹ̀ sì wà ní Amẹ́ríkà ti Àríwá. Fífò tí a ń wí yìí pàápàá kì í ṣe fífò bíi ti ẹyẹ tàbí ti àdán, nítorí wọn kò lè gbéra láti ilẹ̀. Orí igi gíga ni wọ́n ti ń já sílẹ̀, awọ ara wọn á gba atẹ́gùn, wọn á sì rà bàbà lọ bá igi mìíràn ní ìsàlẹ̀.

Carl Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará Swídìn, ẹni tí ó fi ọ̀nà orúkọ méjì-méjì ní èdè Látìnì lélẹ̀ fún gbogbo ẹ̀dá alààyè, kọ àwọn ẹran yìí sínú ìwé rẹ̀ Systema Naturae ti ọdún 1758. Ẹ wá wo ohun tí ó ṣe. Èyí tí ó wà ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ó pè é ní Sciurus volans, èyíinì ni ọ̀kẹ́rẹ́ tí ń fò. Èyí tí ó wà ní Amẹ́ríkà, ó pè é ní Mus volans, èyíinì ni eku tí ń fò. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì, ó sì pín wọn sí ojúlé méjì nínú ìwé kan náà! A kò sọ èyí láti fi ọ̀gá náà ṣe ẹlẹ́yà. A sọ ọ́ nítorí pé nígbà tí a kọ́ kà á ni ọkàn wa kọ́kọ́ rò pé bóyá Bàbá kò jìnnà sí òtítọ́. Ní ọdún 1800 ni Georges Cuvier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fún wọn ní orúkọ Pteromys, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gíríìkì jẹ́ eku abìyẹ́.

Ti ilẹ̀ tiwa ń kọ́? Ọdún 1841 ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ lórí odò Ọya. Gbogbo ìjọ wa ni ó mọ ìrìn àjò náà, nítorí nínú rẹ̀ ni a gbé kọ́kọ́ gbọ́ òkìkí Samuel Àjàyí Crowther, tí òun àti Òjíṣẹ́ Schön bá àwọn ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ. Albert, Wilberforce àti Soudan ni orúkọ àwọn ọkọ̀ náà. Ibà pa àwọn òyìnbó inú wọn lọ bí ẹni pa eéṣú, àwọn tí ó kú lé ní 40. Àwọn ọ̀mọ̀wé mélòó kan bá wọn lọ láti mọ ohun tí ó wà ní ilẹ̀ yìí, igi rẹ̀, òkúta rẹ̀ àti ẹran rẹ̀. Theodor Vogel, ọmọ Jámánì tí í ṣe olùmọ̀ igi, kú ní erékùṣù Fernando Po ní oṣù December ọdún náà. Ẹni tí wọ́n yàn fún ẹran ni Louis Fraser, ẹni tí ń ṣe ìtọ́jú àkójọ ẹran fún Zoological Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Fraser kò kú. Ní Fernando Po yìí, tí a ń pè ní Bioko lóde òní, ó rí ẹran kan tí awọ so ọwọ́ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì kó o lọ sílé.

Nígbà tí ẹran náà yóò fi di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń gbé yẹ̀wò ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ìyá rẹ̀ kan tí ó wá láti Sàró ti gba orúkọ. John Edward Gray ti British Museum wò ó ní ọdún 1842, ó rí awọ tí ó na láàárín ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìṣiyèméjì pé Pteromys derbianus. Pteromys, nítorí ó gbà pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ Éṣíà ni. Derbianus, fún ọlá Lord Derby, ọlọ́rọ̀ tí í ṣe olórí Zoological Society nígbà náà, tí ó sì fẹ́ràn àti máa kó ẹran jọ. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹran ilẹ̀ wa yìí lórúkọ ni wọ́n ti fi í ṣe ọ̀kẹ́rẹ́. Ohun tí ó ń ṣe ni wọ́n wò, wọn kò wo ohun tí ó jẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn ará ìgbàanì ṣe sí àdán.

Àṣìṣe náà kò pé ọdún kan kí ẹnìkan tó tún un ṣe. George Robert Waterhouse mú èyí tí Fraser gbé dé, ó yí i padà, ó sì wo ìdí ìrù rẹ̀. Ìlà ìpẹ́ méjì ni ó bá níbẹ̀, tí ṣónṣó wọn kọjú sẹ́yìn. Ó ní kò sí irú rẹ̀ lára ọ̀kẹ́rẹ́ kankan. Ní 1843 ó yọ ẹran náà kúrò lára Pteromys, ó dá ojúlé sílẹ̀ fún un, ó sì pe ojúlé náà ní Anomalurus, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìrù rẹ̀ kò rí bí ìrù ti í rí. Ti Fernando Po ni ó fi Fraser pè, Anomalurus fraseri, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn náà ni a rí i pé ọ̀kan ni òun àti ti Lord Derby. Ní 1849 Paul Gervais, ọmọ Faransé, sọ ojúlé náà di ìdílé, ó fi í dúró lọ́tọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀kẹ́rẹ́ mọ́ nínú ìwé àwọn tí ó mọ̀.

Ohun tí Bàbá fi ìka rà lóru nínú igbó Òǹdó, òun náà ni Waterhouse fi ojú rí lórí tábìlì ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwa tí a wà láàárín àwọn méjèèjì, tí a ní ìwé tí a sì ní Bàbá, àwa ni a kò rí i.

Ìlò ìpẹ́ náà kò ṣòro láti mọ̀ fún ẹni tí ó bá ti rí dẹ́mudẹ́mu rí. Bí ó ti jẹ́ pé igbà ni ó fi ń ti ara mọ́ ọ̀pẹ kí ó má bàa yọ̀ bọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹran yìí ń fi ìpẹ́ ìrù rẹ̀ kọ́ èèpo igi nígbà tí ó bá rà bàbà dé, tàbí nígbà tí ó bá ń gun òkè. Awọ rẹ̀ náà yàtọ̀. Lára ọ̀kẹ́rẹ́ tí ń fò, egungun rírọ̀ kan yọ láti ọrùn ọwọ́, òun ni ó na etí awọ náà jáde. Lára onírù-ìpẹ́, láti ìgúnpá ni ó ti yọ. Ẹni tí ó bá dúró lókèèrè yóò rí agbádá méjì tí ó dọ́gba, ṣùgbọ́n télọ̀ méjì ni ó rán wọn, kò sì sí èyí tí ó wo iṣẹ́ èkejì. Ní Ọsirélíà ẹran mìíràn tún wà tí ń gbé ọmọ sínú àpò bíi kangarúù, ó ní irú awọ yìí, ó ń rà bàbà bákan náà, kò sì bá èyíkéyìí nínú wọn tan.

A kò lè sọ ìtàn yìí kí a fi Èkó sílẹ̀. Fraser tí a sọ lẹ́ẹ̀kan padà wá sí etí òkun wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹran nìkan. Lord Derby ni ó bá a rí iṣẹ́ ìjọba, a sì fi í ṣe ìgbákejì kọ́ńsù ní Ajudá ní ilẹ̀ Dàhòmì. Ní 1852 ó bọ́ sí Èkó ní irú ipò kan náà, ó sì wà níbẹ̀ títí Benjamin Campbell fi dé ní 1853. Ọ̀gá tí ó wà lórí gbogbo wọn ni John Beecroft, kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì láti 1849, tí ń gbé Fernando Po. Àwọn àgbà Èkó kò gbàgbé orúkọ rẹ̀. Òun ni ó wà pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ ogun tí ó yìnbọn lu Èkó ní oṣù December 1851, tí a lé Kòsọ́kọ́ lọ, tí a sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ìjọ tiwa kò mọ́wọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí Crowther ti lọ sọ ọ́ níwájú àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kan náà pé òwò ẹrú kò ní tán ní Èkó bí Kòsọ́kọ́ bá wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ bá ìjọ wí nípa ìbọn tí ó tẹ̀lé e, a ní etí láti gbọ́.

Oríṣi onírù-ìpẹ́ mìíràn, tí ó kéré ju ti Lord Derby lọ, ni Fraser fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ sọ: Anomalurus beecrofti. Ọdún 1853 ni wọ́n ń kọ mọ́ orúkọ náà, èyí tí í ṣe ọdún tí Campbell gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà nínú igbó wa títí di òní. Àwọn ará Họ́lándì náà ti fi ti ara wọn sọ ọ̀kan ní 1845, dúdú àti funfun tí ó wà ní Gold Coast, wọ́n pè é ní pelii nítorí Pel, òṣìṣẹ́ ìjọba wọn níbẹ̀. Ẹ kà wọ́n: ọlọ́lá kan, kọ́ńsù kan, àjẹ́lẹ̀ kan. Nínú Jẹ́nẹ́sísì, Ọlọ́run mú àwọn ẹran wá síwájú Adamu kí ó lè sọ wọ́n lórúkọ, a kò sì kà á níbẹ̀ pé Adamu fi orúkọ ọ̀gá ọ́fíìsì rẹ̀ sọ ọ̀kankan.

Bí a ti yọ ẹran yìí kúrò nílé ọ̀kẹ́rẹ́ kò túmọ̀ sí pé a mọ ilé tí ó ti wá. Ó rìn kiri fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ní 1855, Johann Friedrich Brandt pín gbogbo ẹran tí ń fi eyín iwájú rẹ́ nǹkan jẹ sí agbo-ilé mẹ́ta, ti ọ̀kẹ́rẹ́, ti eku, àti ti òòrẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iṣan ìjẹun ti so mọ́ agbárí wọn. Níwájú ihò ojú, ihò mìíràn wà nínú egungun. Lára ọ̀kẹ́rẹ́ ihò yìí kéré, iṣan náà kì í gba inú rẹ̀. Lára òòrẹ̀ ó tóbi, iṣan náà sì gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n wo onírù-ìpẹ́, wọ́n bá ihò ńlá bíi ti òòrẹ̀, ṣùgbọ́n egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bíi ti ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀mọ̀wé kan á gbé e síhìn-ín, òmíràn á gbé e sọ́hùn-ún, àwọn mìíràn á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò mọ ibi tí a ó fi í sí. Egungun àwọn ará ìgbàanì rẹ̀ tí a wà jáde nínú òkúta ní Íjíbítì àti Àlùjíríà fi hàn pé ó ti pẹ́ gan-an ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n òkúta kì í sọ orúkọ ìyá ẹni.

Ìwádìí DNA, ohun àjogúnbá tí ó wà nínú ara gbogbo ẹ̀dá, ni ó yanjú rẹ̀ ní àkókò tiwa. Ó fi hàn pé onírù-ìpẹ́ sún mọ́ eku ju ọ̀kẹ́rẹ́ lọ. Ìbátan rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù láàárín àwọn tí ó kù láyé ni ẹran kan ní ìlà oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, tí ó tóbi bí ehoro, tí ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ilẹ̀ gbalasa, tí ó sì ń gbé inú ihò. Ọ̀kan ń gbé orí igi, èkejì ń gbé abẹ́ ilẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ èyí fún wa ṣáájú ìwádìí náà, àwa ìbá rẹ́rìn-ín, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti rín wa.

Ọ̀kan ṣì kù tí ó yà wọ́n lẹ́nu jù lọ. Ní 1898 Paul Matschie ní Berlin sọ ẹran kékeré kan ní Zenkerella, fún Georg Zenker, ọmọ Jámánì tí ń gbé Bipindi ní Kamẹrúùnù. Ó ní ìpẹ́ nírù, ṣùgbọ́n kò ní awọ, kò sì lè rà bàbà. Fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, 11 péré ni ó wà nínú gbogbo ilé àkójọ ẹran ní ayé, kò sì sí ọ̀mọ̀wé tí ó rí i láàyè rí. Nígbà náà ni mẹ́ta jáde láti Bioko, erékùṣù Fraser kan náà, ní ẹ̀gbẹ́ abúlé Ureca. Okùn dídẹ àwọn ará abúlé náà ni ó mú wọn. Ní 2016 ni a tẹ àbájáde ìwádìí lórí wọn jáde, wọ́n sì ní ó ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 49 tí baba ńlá rẹ̀ ti yà kúrò lọ́dọ̀ ti àwọn tí ń rà bàbà. Wọ́n fún un ní ìdílé tirẹ̀. Àwa kò ní agbára láti ka irú ọdún bẹ́ẹ̀, a kàn kọ ọ́ bí wọ́n ti wí ni. Èyí tí ó mú wa lọ́kàn ni pé àwọn adẹ́kùn Ureca mọ ẹran náà tẹ́lẹ̀, wọ́n ń rí i nínú okùn wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ilẹ̀ wa, Rosevear, tí ó ti ṣe ọ̀gá àgbà fún ẹ̀ka igbó ní Nàìjíríà, kọ àwọn onírù-ìpẹ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ẹran Nàìjíríà ní 1953, ó sì tún kọ nípa wọn ní kíkún ní 1969. Happold, tí ó ti kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, tún ṣe tirẹ̀ ní 1987. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí tí ó ṣi ẹran náà gbé. Ní ẹnu ọ̀nà, nínú àwọn ìwé àwòrán tí a ń rà fún ọmọdé, ibẹ̀ ni orúkọ Gray ti ọdún 1842 gbé ṣì wà láàyè. Igi ńlá oníhò ni ẹran náà ń sùn sí lọ́sàn-án, a sì ń gé irú igi bẹ́ẹ̀ lulẹ̀ lójoojúmọ́ ní Òǹdó àti ní Ìjẹ̀bú. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kó gẹdú wọ Èkó ni a ń rí, ẹnìkan kì í béèrè ẹni tí ó ń gbé inú ihò rẹ̀.

Nígbà tí a ti ka gbogbo èyí tán, a gbé ìwé àwòrán náà dání, a sì lọ sí ilé ọmọ Bàbá láti lọ sọ fún un pé òun ni ó jàre. Ọmọ rẹ̀ kí wa dáadáa. Ó ní àárẹ̀ mú Bàbá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun lọ sílé. Wọ́n gbé e lọ, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Òǹdó kí ó tó sùn.

A béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà orúkọ tí bàbá rẹ̀ ń pe ẹran tí ń rà bàbà lóru. Èkó ni wọ́n gbé bí i, kò mọ̀ ọ́n. A padà lọ bi àwọn ọmọ kíláàsì wa, nítorí ojú gbogbo wa ni Bàbá ṣe pe orúkọ náà ní ọjọ́ yẹn, a kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Méjì nínú wọn ní àwọn rántí. Ọ̀kan pè é báyìí, èkejì ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó pè é bí òmíràn.